Ọgọ́rùn-ún Wo Ni À Ń Sọ?

   Ọ̀rọ̀ tí a gbé lé mi lọ́wọ́ ní alẹ́ òní ni bí a ṣe ń ròyìn iye àwọn ènìyàn tí ó fẹ́, àti iye àwọn tí kò fẹ́, nígbà tí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀ lórí òmìnira orílẹ̀-èdè kan. Ẹni tí ó bá gbọ́ báyìí lè sọ pé iṣẹ́ oníṣirò ni èyí, kí ni ó kan olùkọ́ èdè? Ìdáhùn mi ni pé, bí iye bá ti kúrò lórí ìwé tí ó bọ́ sí ẹnu, ó ti di ọ̀rọ̀. Ẹyin sì ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Kí n tó bá ẹlòmíràn wí, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Ní ọdún 2014, nígbà tí àwọn ará Skọ́tlándì ń múra láti dìbò bóyá kí wọ́n kúrò lára ìjọba Bìrìtéènì tàbí kí wọ́n dúró, ìbátan mi kan tí ó ń gbé ní Glasgow tẹ̀ mí láago ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án. Ó ní ìwádìí èrò ará ìlú ti jáde, ọ̀rọ̀ sì ti bùṣe. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ kíláàsì. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, mo sì fẹ́ fi nǹkan tuntun dá àwọn ọmọ lára yá. Mo wí pé, "Òmìnira ni àwọn ará Skọ́tlándì fẹ́. Mọ́kànléláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó ti sọ bẹ́ẹ̀."

Ọmọbìnrin kan tí ó jókòó sí ẹ̀yìn na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, nínú ọgọ́rùn-ún wo?"

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, èyí ni ó sì ń dùn mí jù lọ títí di òní. Mo dá a lóhùn pé ọgọ́rùn-ún kò ní ọmọ ìyá, ọgọ́rùn-ún ni ọgọ́rùn-ún. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà ni wọ́n dìbò. Àwọn tí ó ní àwọn kò kúrò jẹ́ 55 nínú 100, àwọn tí ó fẹ́ kúrò kò sì ju 45 lọ. Nígbà tí mo tún wọ kíláàsì náà, ọmọbìnrin yìí kò sọ ohunkóhun. Ó kàn ń wò mí ni. Mo bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo wọn, mo sì lọ ka ohun tí ó yẹ kí n ti kà kí n tó la ẹnu mi.

Ohun tí mo rí nìyí. Ìwádìí tí iléeṣẹ́ YouGov ṣe fún ìwé ìròyìn Sunday Times ni ìbátan mi gbọ́. Ènìyàn 1,084 ni wọ́n bi. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n bi, 47 nínú 100 ni ó fẹ́ òmìnira, 45 sì ni kò fẹ́. Àwọn tí ó kù kò tíì pinnu, tàbí wọn kò ní dìbò. Nígbà tí a yọ àwọn wọ̀nyí kúrò, tí a wá pín àwọn tí ó kù sí ọgọ́rùn-ún mìíràn, ni a tó rí 51 àti 49. Ẹ ò rí i pé ọgọ́rùn-ún méjì ni ó wà níbẹ̀? Ọgọ́rùn-ún kìn-ín-ní ni gbogbo àwọn tí a bi. Ọgọ́rùn-ún kejì ni kìkì àwọn tí ó ti yan ìhà kan. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí kò fi èyí pamọ́. Àwa tí a ru ọ̀rọ̀ náà kiri ni a sọ ìdajì rẹ̀ nù lójú ọ̀nà.

Nǹkan mìíràn tún wà. Bí a bá bi bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn kan, tí a sì yàn wọ́n dáadáa, iye tí a rí lè fi bíi mẹ́ta lọ sókè tàbí wá sílẹ̀ ju òtítọ́ lọ. Nítorí náà, 51 yẹn lè jẹ́ 48, ó sì lè jẹ́ 54. Kò sí ẹni tí ó lè ti inú ìwádìí náà mọ ìhà tí ó borí. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan náà, iléeṣẹ́ Panelbase gbé tirẹ̀ jáde: 48 fẹ́, 52 kò fẹ́. Ariwo ti èyí kò dún tó ti èkejì. Ní ọjọ́ kejì, owó pọ́n-ùn wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé. Ní ọjọ́ 10 oṣù náà, àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá mẹ́ta fi Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀ lọ bẹ àwọn ará Skọ́tlándì. Ní ọjọ́ 16, wọ́n fi ọwọ́ sí ìlérí agbára tuntun nínú ìwé ìròyìn Daily Record. N kò wí pé iye yìí nìkan ni ó fà á. Ohun tí mo ń wí ni pé iye tí kò lè sọ ẹni tí ó borí ti tó láti da ọkàn ìjọba rú.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìtòsí ilé. Ní ọjọ́ 11 àti 12 oṣù Kejì, ọdún 1961, Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ṣe ètò ìbò ní apá ilẹ̀ Kamẹrúùnù tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Ìbéèrè náà ni pé, ṣé ẹ ó gba òmìnira nípa dídarapọ̀ mọ́ Nàìjíríà ni, tàbí nípa dídarapọ̀ mọ́ Kamẹrúùnù tí ó ti gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé? Ní apá àríwá, 146,296 yan Nàìjíríà, 97,659 yan Kamẹrúùnù. Ní apá gúúsù, 97,741 yan Nàìjíríà, 233,571 sì yan Kamẹrúùnù.

Ẹ ní sùúrù kí a jọ ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí a bá da apá méjèèjì pọ̀, àwọn tí ó yan Kamẹrúùnù jẹ́ 331,230, àwọn tí ó yan Nàìjíríà sì jẹ́ 244,037. Bí ọgọ́rùn-ún bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, gbogbo ilẹ̀ náà ì bá lọ sí Kamẹrúùnù. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ka apá kọ̀ọ̀kan. Apá àríwá di ti Nàìjíríà ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, ọdún 1961. Apá gúúsù lọ sí Kamẹrúùnù ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá. Kamẹrúùnù kò fara mọ́ ọn; ó gbé ọ̀rọ̀ apá àríwá lọ sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní ìlú The Hague, ilé ẹjọ́ náà sì wí ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá, ọdún 1963 pé òun kò lè dá ẹjọ́ náà mọ́. N kò wá láti tún ẹjọ́ náà dá. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ìyípadà ọgọ́rùn-ún nìkan tó láti yí ìdáhùn padà, láìfi ọwọ́ kan ìwé ìbò kankan.

Ìbéèrè kejì tí ó yẹ kí a máa bèèrè ni pé, kí ni a bi àwọn ènìyàn? Ní gúúsù Kamẹrúùnù yẹn, ọ̀nà méjì péré ni a là sílẹ̀ fún wọn. Kí wọ́n dá dúró gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè tiwọn kò sí lórí ìwé ìbò. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wí lónìí pé bí 70 nínú 100 àwọn tí ó dìbò níbẹ̀ yan Kamẹrúùnù sọ òtítọ́. Ẹni tí ó bá sì fi kún un pé wọ́n kọ dídá dúró ti kọjá òtítọ́, nítorí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n. Láti ọdún 2017 ni ìjà òun ìbọn ti ń jà ní àgbègbè náà lórí ọ̀rọ̀ òmìnira, tí ẹ̀mí sì ń ṣòfò. Ìbéèrè tí a kò bi ènìyàn lánàá kò kú. Ó lè tún jí dìde.

Bí a ṣe gbé ìbéèrè kalẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Nígbà tí ìjọba Skọ́tlándì kọ́kọ́ kọ ìbéèrè tiwọn, ohun tí wọ́n kọ ni pé: "Ǹjẹ́ o gbà pé ó yẹ kí Skọ́tlándì jẹ́ orílẹ̀-èdè olómìnira?" Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2013, Àjọ Elétò Ìdìbò wọn dámọ̀ràn pé kí a yọ "ǹjẹ́ o gbà" kúrò, nítorí pé ó lè ti ènìyàn sí ìhà bẹ́ẹ̀ ni. Ìjọba gbà, wọ́n sì bi wọ́n pé: "Ṣé ó yẹ kí Skọ́tlándì jẹ́ orílẹ̀-èdè olómìnira?" Àwa Yorùbá ni ó yẹ kí ó tètè yé, nítorí pé bí àgbàlagbà bá wí fún ọmọdé nílé wa pé, "Ṣé o gbà?", ọmọ tí a kọ́ dáadáa mọ ìdáhùn tí ó yẹ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ara wa ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹnì kan mú ìwé àti bírò, ó lọ sí Ọjà Ọba ní Adó níhìn-ín, ó sì wí fún ìyá aláta pé, "Ẹ kú ọjà o, Mà. Ṣé ẹ fẹ́ orílẹ̀-èdè Yorùbá?" Kí ni ìyá yóò gbọ́? Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà yìí, orílẹ̀-èdè, ni a ń lò fún ìran tí ó ní èdè àti ìṣẹ̀dálẹ̀ kan, òun náà sì ni a ń lò fún ilẹ̀ tí ó ní ìjọba, ọmọ ogun àti àsíá. Ìyá lè rò pé a ń bi òun bí òun bá fẹ́ràn ìran òun. Ta ni yóò wí pé òun kò fẹ́ràn ìran òun? Bí ẹlòmíràn bá wá bi í pé, "Ṣé ẹ fẹ́ kí Yorùbá ya kúrò lára Nàìjíríà?", ọ̀rọ̀ aṣọ yíya àti ẹbí yíya ni yóò wọ̀ ọ́ létí, ó sì lè wí pé, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Bí ẹni kẹta bá bi í bí ó bá fẹ́ àtúntò kí ìpínlẹ̀ lè máa darí owó àti ọlọ́pàá tirẹ̀, ó lè tún wí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá kan, òwúrọ̀ kan, ìdáhùn mẹ́ta. Kò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí a bá kọ ìdáhùn rẹ̀ jáde láìkọ ìbéèrè tí a bi í, àwa ni òpùrọ́.

Ìbéèrè kẹta ni pé, ta ni a bi, báwo ni a sì ṣe rí i? Ẹni tí ó bá mọ gàárì rà kì í wo ti orí àpò nìkan. Yóò ti ọwọ́ bọ inú àpò, yóò bu ti ìsàlẹ̀ wò, nítorí ó mọ̀ pé èyí tí ó funfun ni a ń tò sókè. Èrò tí ó kún pápá níbi ìwọ́de jẹ́ ti orí àpò. Àwọn tí ó fi ọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ jẹ́ ti orí àpò. Àwọn tí ó dá wa lóhùn lórí fóònù olówó ńlá jẹ́ ti orí àpò. Òtítọ́ ni pé wọ́n wà, òtítọ́ sì ni ohun tí wọ́n wí nípa ara wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò lè sọ fún wa ohun tí àgbẹ̀ tí ó wà lóko ní Ìgbàrà-Odò ń rò.

Ẹ má gbàgbé àwọn tí kò dáhùn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Anap Foundation gbé ìwádìí tí NOIPolls fi tẹlifóònù ṣe fún un jáde lórí ìbò ààrẹ Nàìjíríà. Peter Obi ní 21 nínú 100. Bọ́lá Tinúbú àti Atiku Abubakar ní 13 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a gbé kiri nìyẹn. Ṣùgbọ́n 32 nínú 100 wí pé àwọn kò tíì pinnu, 15 sì wí pé àwọn kò ní sọ. Bí ẹ bá dà wọ́n pọ̀, ó jẹ́ 47, ó ju ìlọ́po méjì ti ẹni tí ó wà níwájú lọ. Ẹni tí ó dákẹ́ ni ó borí nínú ìwádìí náà! Nígbà tí a ka ìbò ní ọdún 2023, àjọ elétò ìdìbò kéde Tinúbú pẹ̀lú ìbò 8,794,726. Obi ṣe ẹ̀kẹta pẹ̀lú 6,101,533. Àwọn kan gbé ẹjọ́ ìbò náà lọ sí ilé ẹjọ́, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì ti parí rẹ̀. Ohun tí ó kàn mí ni pé ẹni tí ó ka 21 tí kò ka 47 kò tíì ka ìwádìí náà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí oko tèmi gan-an, èyí tí í ṣe èdè. Ọ̀rọ̀ kékeré mẹ́ta ni ó ń ba iye jẹ́ ní ẹnu àwa Yorùbá. Èkíní ni "ni". Bí mo bá wí pé, "Wọ́n fẹ́ òmìnira," mo sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Bí mo bá wí pé, "Òmìnira ni wọ́n fẹ́," mo ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ gbogbo nǹkan mìíràn tí wọ́n lè fẹ́. Mo fi "ni" kan ṣoṣo pa àwọn 45 tí kò fẹ́ àti gbogbo àwọn tí kò tíì pinnu rẹ́. Èkejì ni "wọ́n". "Wọ́n ní Yorùbá ti pinnu." Àwọn wo ni wọ́n? "Wọ́n" tí kò ní baba nínú gbólóhùn dà bí àlejò tí kò sọ ilé tí ó ti wá. Ẹ̀kẹta ni "gbogbo". Nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀, a ń lò ó láti fi ìtara hàn. A lè wí pé gbogbo ìlú ni ó wá síbi ìsìnkú, kò sì sí ẹni tí yóò ka orí. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé orí ọ̀rọ̀ ìjọba, ìtara a máa di ẹ̀rí èké.

Èéṣe tí mo fi ń yọ ara mi lẹ́nu tó báyìí? Nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ ilé wa. Ní ọdún 2021, ìwọ́de fún orílẹ̀-èdè Yorùbá káàkiri àwọn ìlú wa. Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún náà, ẹ̀mí ṣòfò ní Ọ̀jọ́ta ní Èkó ní ọjọ́ ìwọ́de. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 2024, àwọn kan gbé ohun ìjà wọ ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Agodi ní Ìbàdàn, ní orúkọ Yorùbá. Ọ̀dọ́ tí ó bá gbà pé gbogbo ìran òun ti fi ọwọ́ sí nǹkan lè fi ẹ̀mí rẹ̀ wéwu nítorí rẹ̀. Bí ó bá sì bojú wẹ̀yìn tí kò rí ẹnikẹ́ni, ta ni yóò sanwó iye tí a pè fún un? Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n ṣe ojúsàájú. Ẹni tí ó wà ní ipò ìjọba, tí ó ń wí pé kò sí ọmọ Yorùbá gidi kan tí ó fẹ́ ìyapa, kò ka ẹnikẹ́ni bákan náà. Irọ́ ni ti èkíní, irọ́ náà ni ti èkejì.

Ẹ wo Adó-Èkìtì yìí nìkan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bánjí Akíntóyè, akọ̀tàn tí ó kọ ìwé lórí àwọn ogun ilẹ̀ Yorùbá, ti dúró gedegbe fún orílẹ̀-èdè Yorùbá tí ó dá dúró. Olóyè Afẹ́ Babalọlá, àgbà amòfin, ti ń pè fún òfin ìpìlẹ̀ tuntun tí yóò tún Nàìjíríà tò. Ìlú kan ṣoṣo ni a ti bí àwọn méjèèjì. Bí àgbà méjì ará ilé kan náà bá ń wo ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ta ni àwa tí a ó wí pé "gbogbo Èkìtì" láìkà á?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá mi fi èyí ṣe iṣẹ́ kíláàsì. Ẹ ní kí àwọn ọmọ mú ìròyìn kan tí ó ní iye nínú wá, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn ìbéèrè mẹ́rin sí abẹ́ rẹ̀: Ọgọ́rùn-ún wo ni? Kí ni a bi wọ́n, ní èdè wo? Ta ni a bi, báwo ni a ṣe rí i? Mélòó ni kò dáhùn? Bí ìròyìn náà kò bá ní ìdáhùn sí méjì nínú wọn, kí wọ́n kọ̀wé sí i pé, "A kò tíì mọ̀." Kò sí ìtìjú nínú "a kò tíì mọ̀." Lẹ́yìn èyí, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan tẹ̀ sí ìhà tí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́, òmìnira tàbí ìṣọ̀kan. N kò wá gba ìhà ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀ ní alẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá dá ohun tí ó ń jà fún lójú, kí ó jẹ́ kí a kà á dáadáa. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Mo gbọ́ pé ọmọbìnrin tí ó bi mí ní ìbéèrè ní ọdún 2014 ti di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ìpínlẹ̀ wa yìí. Bí ó bá ń wò mí, mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sì rọ̀ ọ́ pé, bí ọmọ kan bá na ọwọ́ sókè láti ẹ̀yìn kíláàsì tirẹ̀, kí ó má ṣe jẹ́ kí àwọn yòókù fi rẹ́rìn-ín, kí òun náà má sì ṣe bá wọn rẹ́rìn-ín.